Màmá fẹ́ fi motorhome rìn nìkan nígbà òtútù, àwọn ọmọ fàáké kọ́rí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú àjọṣe o. Leeds ni mo ń gbé. Mo ti lé lọ́gọ́ta ọdún, mo sì ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọkọ mi ti padà sí Ìjẹ̀bú, ó ń bójú tó ilé tó ń kọ́. Èmi ò tíì ṣe tán láti lọ. Mo ra motorhome àlòkù kan (ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ibi ìdáná nínú), ti ẹni méjì, mo sì fẹ́ fi rìn kiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Scotland láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, èmi nìkan. Àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fàáké kọ́rí. Àkọ́bí ní ta ni yóò máa bá òun mú àwọn ọmọ nílé ìwé. Èkejì ní àfi kí n fi tracker sínú ọkọ̀ kí òun lè máa rí ibi tí mo bá wà tọ̀sán tòru. Àbíkẹ́yìn ní bí mo bá máa lọ, òun ń bá mi lọ tìbẹ̀rẹ̀ tòpin. Ṣé orí mi pé báyìí? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́?

*

Orí yín pé perepere.

Mo ti ka gbogbo èsì tó ṣáájú tèmi. Àwọn kan ní òtútù á pa yín. Àwọn kan ní olè á wọlé tọ̀ yín lóru. Àwọn tó pọ̀ jù ń bèèrè pé kí làwọn èèyàn máa wí, pé ìyá àgbà bí ọmọ mẹ́ta sí Ìlú Ọba, ó wá ń sùn nínú mótò. Òtútù ní oògùn. Ti olè, màá dé ibẹ̀. Ti ẹnu ayé, mi ò ní dá sí i.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ síta ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́bí yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ mótò rárá. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò mú ọmọ nílé ìwé ni, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Owó olùtọ́jú ọmọ ń ga ju owó ilé ẹlòmíràn lọ ní orílẹ̀-èdè yìí, ìyá tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń gbé nítòsí, nǹkan ńlá ni. Mi ò bá a wí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi òtútù bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹ pè é, kí ẹ jọ yanjú ti ìtọ́jú ọmọ lọ́tọ̀, kí ẹ tó dárúkọ mótò rárá.

Èmi náà ń rìn nìkan nígbà òtútù, ó ti pẹ́. Àwọn ọmọ mi ti dàgbà, a sì ń ríra dáadáa ju ìgbà tí mo ń gbé láàárín wọn lọ. Bí mo ṣe ń ṣe é ni pé èmi ni mo ni ìrìn àjò, àwọn ló ń wá bá mi, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tirẹ̀, fún ọjọ́ díẹ̀, níbi tí mo bá wà. Mi ò ní kí gbogbo wọn rọ́ wá lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò sì gbà kí ẹnì kankan bá mi lọ tìbẹ̀rẹ̀ tòpin.

*

Arákùnrin tó kọ̀wé láti Birmingham, ẹ ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu, pé ilé ọmọ ló yẹ àgbà. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n òwe yẹn ò ní kí òkété lọ máa fọ abọ́ nílé ọmọ o! Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín. Màmá á jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á wẹ ọmọ, á fún wọn lóúnjẹ, á sìn wọ́n dé ilé ìwé nínú òjò, á padà wá gbálẹ̀, á tún lọ kó wọn bọ̀. Lálẹ́, orí àga pálọ̀ ni yóò sùn, kò sì ní lè nà á tán títí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù fi máa dìde. Ta ló wá ń mu ọmú ta níbẹ̀?

Mi ò ní ká má ran ọmọ lọ́wọ́. Mo gbé àwọn ọmọ-ọmọ mi pọ̀n, mo sì tún máa gbé wọn pọ̀n bí òmíràn bá dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo inú ilé ọmọ náà. Àlejò ni mí níbẹ̀. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí, ọmọ mi ń sá sókè sódò, ó ń dáhùn fóònù ibi iṣẹ́, ẹnu ọ̀nà la ti ń sọ̀rọ̀ kó tó jáde. Nínú ọkọ̀ mi, èmi ni mo ni ìkòkò. Àga méjì péré ló wà, kò sì sí yàrá kejì tí ẹnikẹ́ni lè sá sí.

Ọmọkùnrin mi, tó jẹ́ pé "mo wà dáadáa, Mummy" ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fóònù, wá bá mi ní Northumberland ní oṣù kọkànlá kan. A fẹ́ wọ Holy Island. Títì kan ṣoṣo ló wọ erékùṣù náà, òkun sì ń bo títì ọ̀hún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n lẹ àkókò tó ṣeé kọjá mọ́ ẹ̀bá ọ̀nà, wọ́n sì fi àwòrán mótò tó rì sínú omi sí i fún olórí kunkun. Nígbà tí a dé, omi ti gorí títì. A páàkì sí apá Beal, mo gbé kẹ́tù ka iná, mo yọ búrẹ́dì àti sadínì. Òjò ń lu orí ọkọ̀ bí ẹni ń da àgbàdo sórí páànù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé. Ó kọ́kọ́ ń tẹ fóònù, kò lọ, ó gbé e sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo omi. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti ìgbà ooru, òun ò sì mọ bí òun ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú mi. Nígbà tí títì fi yọ padà, tòun ti koríko òkun lórí rẹ̀, a ṣì wà lórí bó ṣe máa rí owó ilé san.

Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kì í wáyé ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹjọ, gbogbo ibẹ̀ á kún fọ́fọ́, ẹ̀yin náà á máa sá káàkiri láti rí ohun tí gbogbo èèyàn wá wò.

*

Ó dára, òtútù.

Ìyá tó ní gáàsì òun kú lóru bẹ́ẹ̀ sìlíńdà ṣì wúwo, kò sẹ́ni tó jí gáàsì yín. Butane lẹ gbé. Tí ojú ọjọ́ bá ti ń sún mọ́ 0°C, butane kì í gbéra mọ́, yóò kàn jókòó sínú sìlíńdà bí omi. Propane ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ títí di nǹkan bí 40°C nísàlẹ̀ òdo. Lọ́dọ̀ Calor tó ń ta gáàsì, aláwọ̀ búlúù ni sìlíńdà butane, pupa ni propane. Pupa ni kí ẹ máa gbé nígbà òtútù, kí ẹ sì rí i pé règúlétọ̀ yín bá a mu.

Ohun kejì máa ń dẹ́rù ba àwọn ẹni tuntun. Kinní kékeré kan wà lára bọ́ílà Truma, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní FrostControl. Bí ibi tí wọ́n fi sí bá ti tutù dé nǹkan bí 3°C, ó máa ń ṣí fúnra rẹ̀, gbogbo omi bọ́ílà á sì dà sísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ jí láàárọ̀, ẹ rí adágún lábẹ́ mótò, ẹ rò pé páìpù ti bẹ́. Kò bẹ́ o. Ó ń gba bọ́ílà yín lọ́wọ́ yìnyín ni. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ títí ọwọ́ á fi dùn yín, kò ní padé títí ibẹ̀ á fi móoru kọjá nǹkan bí 7°C. Torí náà ẹ kọ́kọ́ tan hítà, ẹ jẹ́ kí inú ọkọ̀ móoru, kí ẹ tó tì í, kí ẹ tó wá rọ omi tuntun. Ẹni tó bá rọ omi kó tó tan hítà á kàn máa fi omi rin ilẹ̀ sáìtì, ibùdó tí a ń páàkì sí sùn, ni.

Ẹlòmíràn ní kí ẹ dí gbogbo ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ẹ má ṣe é láéláé! Àwọn ihò kan wà lórí àti nísàlẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n dìídì dá sí i nítorí gáàsì. Carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí iná máa ń tú jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, oorun ló fi ń pa èèyàn. Ẹ ra alámù rẹ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fi iná ìdáná yá ọkọ̀ gbóná, ẹ má sì gbé eléèédú wọlé, ì báà jẹ́ pé ó ti kú tó ṣẹ́ ku ẹ̀ṣẹ́ná. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn súyà. Ìta ni kẹ́ ẹ ti yan án, ìta náà ni kó sùn.

Ti omi tó ń ṣẹ́ lára fèrèsé, ooru ẹnu yín àti ooru ìkòkò ni. Ẹ ṣí fèrèsé orí òrùlé díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń se ìrẹsì, kódà bí òtútù bá ń mú. Aṣọ tútù kì í gbẹ nínú ọkọ̀ nígbà òtútù, ẹ lọ sí ilé ìfọṣọ.

Iná ńkọ́? Àwọn oko kékeré kan tó ń gba irú ọkọ̀ wa sùn á fún yín ní ampere 6 péré. Ẹ fi volt 230 sọ ọ́ di púpọ̀, kò pé 1,400 watt. Kẹ́tù tẹ́ ẹ ń lò nílé lè gba 3,000. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, iná á já, àgbẹ̀ á sì ti sùn. Orí gáàsì ni kẹ́ ẹ ti máa se omi tíì.

*

Ẹni tó ní ìgbà òtútù dín owó: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Owó ibùdó máa ń dín lóòótọ́, ṣùgbọ́n hítà á jẹ gáàsì tàbí dísù, òkùnkùn á sì mú yín máa sanwó iná níbi tẹ́ ẹ bá ti lè sùn lófẹ̀ẹ́ nígbà ooru, torí pánẹ́ẹ̀lì oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúlò ní oṣù Kejìlá. Ẹ má torí owó lọ. Ẹ torí ìdákẹ́jẹ́ lọ.

Ọ̀pọ̀ sáìtì ló máa ń tì láti ìparí oṣù kẹwàá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, wọn kì í ṣí títí oṣù kẹta tàbí Àjíǹde. Ẹgbẹ́ méjì tó tóbi níbí, Caravan and Motorhome Club àti Camping and Caravanning Club, ní àwọn tí kì í tì yípo ọdún. Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni àwọn oko kékeré tí wọn kì í gbà ju ọkọ̀ márùn-ún lọ, tó jẹ́ ti ọmọ ẹgbẹ́ nìkan. Ẹ pe wọ́n lórí fóònù kẹ́ ẹ tó lọ. Ẹ bèèrè bóyá koríko ni ibùdó wọn tàbí òkúta. Koríko ní oṣù kìíní, ẹrẹ̀ ni. Tírákítọ̀ ló máa fà yín jáde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé Scotland gba gbogbo èèyàn láàyè láti sùn síbi tó bá wù ú, ẹ ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Òfin ilẹ̀ Scotland ti ọdún 2003 fún ẹlẹ́sẹ̀ àti alágọ̀ọ́ láàyè. Kò kan ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì. Wọ́n sábà máa ń gbójú fò ó tẹ́ ẹ bá wá lálẹ́, tẹ́ ẹ lọ láàárọ̀, tẹ́ ò sì da ìdọ̀tí, àmọ́ ojú rere nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ilẹ̀ ló ní ẹni tó ni ín, ẹ bèèrè. Ilé ọtí ìgbèríko púpọ̀ á jẹ́ kẹ́ ẹ sùn sí páàkì wọn bẹ́ ẹ bá jẹun níbẹ̀. Èmi kì í mu ọtí, ẹja díndín ni mo máa ń rà, kò sì sẹ́ni tó lé mi rí.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ju olè lọ ni òkùnkùn àti ìjì. Ní Inverness, ní àríwá Scotland, ní ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Ẹ ti gbọ́dọ̀ wà níbi tẹ́ ẹ máa sùn kí aago mẹ́ta tó lù. Ẹ má gba Bealach na Bà lọ sí Applecross. Òkè ọ̀hún ga tó 626 mítà, ọ̀nà rẹ̀ há, àkọlé ìkìlọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún irú ọkọ̀ wa, kódà nígbà ooru. Bí Met Office, iléeṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ á ṣe rí, bá ti fi àmì ìjì aláwọ̀ yẹ́lò síta, èmi ò ní kúrò lójú kan. Ọkọ̀ yín ga, atẹ́gùn á gbá a. Afárá Humber Bridge máa ń ti ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ gíga nígbà ìjì, wọn ò ṣàwàdà.

*

Ti olè. Ẹ fi ojú ọkọ̀ kọ ọ̀nà àbájáde. Ẹ má kó ẹrù sórí àga awakọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà níbì kan náà lálaalẹ́. Bí ara yín bá kọ ibì kan, ẹ má ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣáná sí i, ẹ máa lọ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbéra, aago yòówù kó jẹ́.

Obìnrin kan bèèrè ní kọ̀rọ̀ bóyá àwọn aláwọ̀ funfun ìgbèríko ò ní fojú kó wa pa. Wọ́n á wò yín. Ẹnì kan bi mí rí bóyá mo sọnù ni. Mo ní rárá, mo bi í bóyá òun ló sọnù, a jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ wọn, ajá wọn ni wọ́n máa bá yín sọ.

*

Ẹni tó bèèrè ti padà wá. Ó ní ọkọ òun pè láti Ìjẹ̀bú lẹ́yìn tí àwọn ọmọ fẹjọ́ sùn ún, ó sì ní òun náà ń bọ̀ ní oṣù kejì káwọn jọ rìn.

Ẹ kú oríire o. Ẹ kàn bi í ní ìbéèrè kan: ta ni yóò máa da tọ́ílẹ́ẹ̀tì? Àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ní ọwọ́ bí àpò ìrìn àjò, bó bá kún, ó wúwo, wọ́n sì ń fà á lọ dé ibi tí wọ́n ń dà á sí ní aago méje àárọ̀, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀. Bí Bàbá bá gbà, kí wọ́n máa bọ̀.

*

Àríyànjiyàn tó ń lọ lókè yẹn, lórí owó tí wọ́n ń gba lọ́wọ́ ọkọ̀ ní London, ti gùn jù, àṣìsọ sì wà nínú rẹ̀.

ULEZ, àgbègbè tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, ti bo gbogbo London láti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Motorhome dísù tí kò bá dé ìwọ̀n èéfín Euro 6, tí kò sì kọjá tọ́ọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀, £12.50 ló máa san lójúmọ́. Èyí tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn tó gbówó lórí gan-an. Arákùnrin tó ní wọ́n á máa gba owó bí ọkọ̀ bá kàn jókòó síwájú ilé ọmọ, kò rí bẹ́ẹ̀: ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà á ni wọ́n ń gba owó. Ṣùgbọ́n láti aago méjìlá òru sí aago méjìlá òru ni wọ́n ń ka ọjọ́. Ẹni tó bá wọlé ní aago mọ́kànlá alẹ́, tó ṣì ń wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tí ọjọ́ yí, ọjọ́ méjì ló máa san. Ẹ wo nọ́ńbà ọkọ̀ yín lórí ìkànnì Transport for London kẹ́ ẹ tó gbéra.

Kódà láìsí owó yẹn, mi ò gbà kí ìyá páàkì síwájú ilé ọmọ. Aládùúgbò á ráhùn, kánsù á ní kẹ́ ẹ mú ìwé àṣẹ wá, bẹ́ ẹ bá sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ti wà nílé náà nìyẹn. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n á wá kan ilẹ̀kùn ọkọ̀ pé Grandma, ẹ bá wa wo ọmọ yìí díẹ̀. Sáìtì kan wà ní Abbey Wood, ti Caravan and Motorhome Club, tó súnmọ́ Thamesmead níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí. Inú ULEZ náà ló wà, ẹ máa san ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé àti ọjọ́ tẹ́ ẹ jáde, àmọ́ ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line wà nítòsí. Níbẹ̀ ni mo máa ń wà bí mo bá fẹ́ rí ọmọ mi obìnrin. Mo lè lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ Àìkú, kí n sì padà sínú ibùsùn ara mi. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní ṣé ilé òun ń rùn ni. Ní báyìí, òun gan-an ló ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá mi bí iṣẹ́ bá sú u, láìmú ọmọ kankan dání.

*

Ìyá ọmọ méjì láti Milton Keynes, ẹ ní kí Màmá yín kó àwọn ọmọ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ lè sinmi. Ọkọ̀ ẹni méjì ni Màmá ní. Kódà nínú ọkọ̀ tí ibùsùn mẹ́rin wà, ẹ ka bẹ́líìtì, ẹ má ka ibùsùn. Òmíràn wà tí ẹni mẹ́rin lè sùn sí, àmọ́ tí bẹ́líìtì rẹ̀ jẹ́ méjì péré. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12, tí kò sì tíì ga tó 135 sẹ̀ǹtímítà, àga tirẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó sí, àga tó sì kọ ẹ̀gbẹ́ sí ọ̀nà kò ṣeé so irú rẹ̀ mọ́.

Ilé ìwé sì tún wà. Ní England báyìí, bí ilé ìwé bá ní kí wọ́n bu owó ìtanràn lé yín nítorí ọmọ tẹ́ ẹ mú kúrò láìgbàṣẹ, £80 ni nígbà àkọ́kọ́ fún òbí kọ̀ọ̀kan lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, £160. Torí náà, ọmọ tó ní ọmọ nílé ìwé, ìsinmi àárín sáà tàbí òpin ọ̀sẹ̀ ni tirẹ̀. Ọmọ tí kò tíì bímọ ló lè fi líìfù rẹ̀ wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun inú oṣù kọkànlá. Ẹ má jẹ́ kí èkíní máa jowú èkejì. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí kàlẹ́ńdà, kí oníkálukú mọ ìgbà tirẹ̀.

Fún àwọn tó ń kó ọmọ bọ̀, èyí tó rọrùn jù ni kí wọ́n háyà ilé onípákó kékeré nínú sáìtì kan náà. Nígbà òtútù, ó máa ń rọ̀ lọ́rùn. Wọ́n wà nínú tiwọn, ẹ wà nínú tiyín, ilẹ̀kùn méjì. Ẹ jọ jẹun, ẹ jọ rìn létí òkun, bí ọmọ bá ké lóru, ìyá rẹ̀ ló máa dá a lóhùn.

*

Ẹni tó bèèrè nípa irú: ẹ fi sínú ike méjì, èkíní nínú èkejì, kẹ́ ẹ sì gbé e síta lálẹ́. Òtútù ìta tó fíríìjì. Àmọ́ ẹ má sè é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá máa wọ sáìtì tó ní aládùúgbò nítòsí, àyàfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ bu díẹ̀ fún wọn.

*

Tracker ọmọ kejì. Mo yà á sọ́nà méjì. Tracker tó ń ṣọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ olè dára, iléeṣẹ́ ìbánigbófò míì tiẹ̀ ń bèèrè rẹ̀. Tracker tó ń ṣọ́ ìyá ni mi ò gbà. Ọmọ mi kan fi irú rẹ̀ sórí fóònù mi, ó sì ń pè mí: "Mummy, ẹ ti dúró níbì kan fún wákàtí méjì, ṣé kò sí nǹkan?" Mò ń wo ẹyẹ ni! Mo pa tracker náà.

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé màá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ ní alaalẹ́, orúkọ ibi tí mo sùn àti ibi tí mo ń lọ lọ́la. Bí mo bá ń wọ àfonífojì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti sí, màá ti sọ ṣáájú. Bí alẹ́ méjì bá kọjá tí wọn ò gbọ́ mi, kí wọ́n pe sáìtì, lẹ́yìn náà kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Wọ́n ti mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ túmọ̀ sí, kò sẹ́ni tó ń pààrà fóònù mọ́. Ẹ tún fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ibí, lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti lágbára tó láti gbé ohùn.

*

Ó ku àbíkẹ́yìn tó fẹ́ bá yín lọ dé òpin. Ọmọ yẹn fẹ́ràn yín, mo sì mọ̀ pé ó ṣòro láti sọ fún un pé rárá. Ẹ sọ ọ́. Oṣù márùn-ún nínú yàrá tí kò gùn ju mítà mẹ́fà lọ, ọ̀rọ̀ á di ìjà lórí ta ló jẹ mílíìkì tán. Ẹ fún un ní apá kan nínú ìrìn àjò náà. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin wá bá yín ní Inverness, ẹ jọ lọ sí erékùṣù Skye (afárá ti wà níbẹ̀ láti 1995, wọn kì í gba owó mọ́), kó sì wọ ọkọ̀ ojú irin láti Kyle of Lochalsh padà. Ibùdókọ̀ náà kò jìnnà sí afárá.

Bó bá fẹ́ bá yín wà á, ẹ wo ìwé ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Láísẹ́ǹsì mọ́tò lásán gbà á láàyè dé 3,500 kìlò. Ẹni tó bá yege ìdánwò láti ìbẹ̀rẹ̀ 1997 wá kò ní C1, àṣẹ láti wa ọkọ̀ tó wúwo jù bẹ́ẹ̀, àyàfi bó bá lọ ṣe ìdánwò rẹ̀, èyí sì kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a wá láti Nàìjíríà náà, torí pé wọn kì í pààrọ̀ láísẹ́ǹsì ilé fún tibí, gbogbo wa la ṣe ìdánwò tuntun. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sínú ìbánigbófò. Ẹ tún ro bí ẹrù ṣe wúwo tó: lítà omi kan, kìlò kan, àgbá 100 lítà tó kún, ó ti tó odindi èèyàn kan. Bí òun àti àpò rẹ̀ bá máa wọlé, ẹ dín omi kù, kẹ́ ẹ sì gbé ọkọ̀ lọ sórí òṣùwọ̀n kí ọlọ́pàá tó bá yín wọ̀n ọ́n.

Kó mú ṣọ́bìrì tirẹ̀ àti bàtà tí omi kì í wọ̀. Owó dísù láti Inverness dé Kyle, òun ló máa san án.